Egungun Ti So: Ọ̀nà Wo Ni Kí Ẹ Gbà Padà Sórí Síkíì?

Gbàrà tí wọ́n bá ti gé POP kúrò lára ẹni tó fẹ́ràn síkíì, ìyẹn eré fífi pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n dè mọ́ ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín, ohun tó máa kọ́kọ́ bi dókítà ni ìgbà tí òun lè padà sórí yìnyín. Díẹ̀ nínú wọn ló ń béèrè irú síkíì tó yẹ kí òun fi bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà àtipadà pọ̀. Èèyàn lè sinmi di ọdún tó ń bọ̀, ó lè bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ó lè lọ sí gbọ̀ngàn yìnyín, ó lè gba olùkọ́ kó padà sórí òkè gan-an, ó sì lè jókòó gun síkíì. Owó wọn ò dọ́gba, ewu wọn ò sì jọra. Èyí tó bá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kán mu lè jẹ́ èyí tó máa pa ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kán lára.

Ẹni tí dókítà ti ní kó máa lo ara rẹ̀ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí ojú ibi tó kán bá ṣì ń dùn yín nígbà tí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, tàbí tí ẹ ṣì ń tiro, ọ̀rọ̀ síkíì ò tíì kàn.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Egungun tó kán ló ṣáájú. Lẹ́yìn tí egungun bá kán, ara rírọ̀ kan máa ń hù bo ojú ibẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 3. Láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 12, ohun rírọ̀ yẹn á le di egungun. Àmọ́ egungun tuntun náà ò tíì tò bó ṣe yẹ. Ó ṣì máa lo ọ̀pọ̀ oṣù, nígbà mìíràn ó máa ń ju ọdún kan lọ, kó tó tún ara rẹ̀ ṣe tán. Ibi tó kán ló ń pinnu bó ṣe máa yá tó. Ọrùn ọwọ́ sábà máa ń lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 nínú POP. Ojúgun tó kán láàárín lè gba oṣù 4 sí 6. Egungun kékeré ìdí àtàǹpàkò, tí àwọn dókítà ń pè ní scaphoid, máa ń pẹ́ gan-an torí pé ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ ò pọ̀. Sìgá mímu máa ń fa gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn. Ti ọmọdé sì máa ń yá ju ti àgbàlagbà lọ.

Ẹ wo àwọn tó ń fi síkíì jẹun. Hermann Maier, ọmọ ilẹ̀ Austria, ní jàǹbá alùpùpù ní August 2001, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fọ́ débi pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n gé e. January 2003 ló tó padà sínú ìdíje, ó sì gba ipò kìíní nínú ìdíje ní Kitzbühel, ní Austria, lóṣù yẹn kan náà. Apá Lindsey Vonn, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kán nígbà ìgbáradì ní November 2016; nígbà tó fi máa di January 2017, ó ti gba ipò kìíní nínú ìdíje ní Garmisch, ní Jámánì. Nǹkan bí oṣù 17 fún ẹsẹ̀, oṣù 2 àti díẹ̀ fún apá. Àwọn méjèèjì ní dókítà àti oníṣẹ́ físíò (ẹni tó ń fi eré ìdárayá dá agbára iṣan padà) tó dúró tì wọ́n, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ọjọ́ tiwọn ka ọjọ́ tirẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín egungun tó ń gbé ara dúró àti èyí tí kì í gbé e dúró.

Lẹ́yìn egungun, iṣan. X-ray á fi hàn bóyá egungun ti so, àmọ́ iṣan tó ti joro nínú POP ò sí nínú fọ́tò yẹn. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó fún ohunkóhun, ẹ yẹ ara yín wò nílé. Ẹ gun àtẹ̀gùn lọ sókè kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀ láì di ohunkóhun mú. Ẹ fi ẹsẹ̀ kan dúró, kí ẹ rọra tẹ orúnkún bí ẹni fẹ́ jókòó, kí ẹ wò ó bóyá orúnkún náà ń yẹ̀ sínú. Ẹ fi ẹsẹ̀ tó dára nìkan fò síwájú, kí ẹ wọn ibi tó dé, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ tó kán ṣe bákan náà. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ físíò kì í fọwọ́ sí eré tó le àfi bí ẹsẹ̀ tó kán bá dé nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 ibi tí èkejì dé. Ti ọwọ́ ò ṣòro: ẹ tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́lẹ̀, kí ẹ fi ti ara yín dìde, torí ohun tí ẹ máa ṣe nìyẹn nígbàkúùgbà tí ẹ bá ṣubú lórí yìnyín.

Èyí tí mo kà sí jù lọ nínú gbogbo ìwọ̀n yìí ni pé: bí ẹsẹ̀ bá sọ pé ó tó láàárín eré, ṣé ẹ lè dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀ kí ẹ máa lọ sílé? Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi bí síkíì ṣe dùn tó yàn. Ẹni tí egungun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ so kò lè yàn bẹ́ẹ̀. Ẹ fojú inú wo ẹni tí ẹ̀rọ ti gbé dé ṣóńṣó òkè, tí itan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí ọ̀nà kan ṣoṣo tó kù sì jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ yẹn náà gun síkíì sọ̀ kalẹ̀. Irú ibẹ̀ ni jàǹbá kejì ti sábà máa ń ṣẹlẹ̀.

Owó ló kẹ́yìn nínú ìwọ̀n tèmi, àmọ́ mi ò ní fò ó.

Kí ẹ sinmi di ọdún tó ń bọ̀

Kò sí ẹni tó fẹ́ gbọ́ èyí, síbẹ̀ àwọn kan wà tí kò sí ọ̀nà mìíràn fún. Ẹni tí egungun ojúgun rẹ̀ fọ́ wọ inú oríkèé orúnkún wà lára wọn, torí pé orúnkún ló ń gba gbogbo ìkìmọ́lẹ̀ nígbà síkíì. Ẹni tí ìgbáròkó tàbí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kán wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ irin kúrò lára egungun rẹ̀ pàápàá wà níbẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀ nìyẹn. Ihò tí síkúrú fi sílẹ̀ máa ń sọ egungun di aláìlágbára fún ìgbà kan, ibẹ̀ gan-an ló sì lè ti tún ya bí nǹkan bá lọ́ ọ. Inú èèyàn máa ń dùn pé irin ti kúrò, ó máa rò pé òun ti gbádùn, nígbà tó jẹ́ pé ìgbà yẹn ló yẹ kó túbọ̀ ṣọ́ra. Ẹ bi dókítà tó yọ ọ́ pé ọ̀sẹ̀ mélòó ni kí ẹ fi sinmi eré, kí ẹ sì tẹ̀ lé e.

Àgbàlagbà tí egungun rẹ̀ kán nígbà tó kàn ṣubú láti ìdúró lásán gbọ́dọ̀ lọ yẹ bí egungun rẹ̀ ṣe le tó wò kó tó ronú kan òkè èyíkéyìí. Ó lè jẹ́ pé egungun náà ti ń fúyẹ́ kó tó kán.

Ní ti owó, ìsinmi ló dínwó jù. Bí ẹ bá ti ra ìwé àṣẹ ìgòkè ti ọdún náà, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn pẹ̀lú ìwé dókítà, torí àwọn ibì kan máa ń dá owó padà tàbí kí wọ́n sún un síwájú. Kí ìsinmi náà má sì jẹ́ ìjókòó lásán: kẹ̀kẹ́ tó dúró lójú kan, ìwẹ̀ odò àti iṣẹ́ tí oníṣẹ́ físíò bá gbé fún yín ló máa sọ bí ẹsẹ̀ yín ṣe máa rí lọ́dún tó ń bọ̀.

Bàtà yìnyín àti síkíì ilẹ̀ títẹ́jú

Bàtà yìnyín, ìyẹn férémù fífẹ̀ tí wọ́n ń dè mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà kí ẹsẹ̀ má bàa rì, ò ní wàhálà púpọ̀. Ẹni tó bá lè rin ìrìn wákàtí kan lórí ilẹ̀ gbágungbàgun lè lò ó. Kò jọ síkíì, àmọ́ ó ń dá èèyàn padà sínú òtútù àti yìnyín, ó sì ń jẹ́ kó mọ bí ojú ibi tó kán ṣe ń ṣe nígbà tí òtútù bá mú un.

Síkíì ilẹ̀ títẹ́jú ni mo fẹ́ kí ẹ ronú lé dáadáa, pàápàá ẹni tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ló kán. Bàtà rẹ̀ rọ̀, ó fúyẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi kánfáàsì. Orí ìka ẹsẹ̀ nìkan ló so mọ́ pátákó. Gìgísẹ̀ ń lọ sókè sódò bó ṣe wù ú. Kò sí ike líle tó fún ojúgun, kò sì sí ohun tó ń tẹ irin tí wọ́n fi sí kókósẹ̀. Eré rẹ̀ ò pọ̀, pátákó rẹ̀ tín-ín-rín, kò sì wúwo, nítorí náà bí ẹ bá ṣubú, ohun tó máa lọ́ ẹsẹ̀ kéré gan-an sí ti orí òkè.

Oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ni kí pátákó méjèèjì máa lọ nínú ojú ọ̀nà méjì tí ẹ̀rọ ti gbẹ́ sílẹ̀, bí ẹni ń rìn. Èkejì ni kí èèyàn máa fi ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ẹ fi èyí kejì sílẹ̀ títí ọrùn ẹsẹ̀ àti ìgbáròkó á fi lágbára.

Ibi tí ọ̀nà yìí ti kùnà ni ọwọ́. Ọ̀pá méjì tí wọ́n ń fi ti ara wọn síwájú ń lo èjìká àti ọrùn ọwọ́ gan-an, kò sì dára fún ẹni tí egungun tó wà láàárín ọrùn àti èjìká rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ so. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa lọ láìmú ọ̀pá rárá níbi tó bá tẹ́jú. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn. Ibi tó bá dà gẹ̀rẹ́ tún ni kí gbogbo èèyàn ṣọ́ra fún: pátákó ojú ọ̀nà yìí kò ní irin létí tó lè gé yìnyín, kò sì rọrùn láti fi dúró. Ẹ bọ́ ọ, kí ẹ gbé e lọ́wọ́, kí ẹ fẹsẹ̀ rìn sọ̀ kalẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Yíyá irinṣẹ́ rẹ̀ dínwó ju ti orí òkè lọ, owó ojú ọ̀nà rẹ̀ kéré, ọ̀fẹ́ ni láwọn ibì kan. Ẹ sì lè yí padà níbikíbi tó bá ti rẹ̀ yín, bí ẹ kò bá ṣáà ti lọ jìnnà ju ibi tí ẹsẹ̀ lè gbé yín padà dé.

Gbọ̀ngàn yìnyín àti òkè oníke

Gbọ̀ngàn yìnyín, ìyẹn òkè yìnyín tí wọ́n ṣe sínú ilé, wà káàkiri báyìí. Ti Dubai ti wà láti 2005, òkè tó gùn jù nínú rẹ̀ sì tó nǹkan bí mítà 400. Òkè irú ibẹ̀ kúrú, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í yí padà, kò sí kùrukùru, kò sí ìjì. Wákàtí ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń gbowó, irinṣẹ́ sì sábà máa ń wà nínú owó náà. Fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ òun á gba ogún ìṣẹ́jú síkíì, owó wákàtí kan ló máa fi mọ̀ ọ́n, ilẹ̀kùn àbájáde ò sì jìnnà. Lórí ìwọ̀n tí mo kà sí jù yẹn, kò sí èyí tó dáa tó o.

Wàhálà ibẹ̀ ni èrò. Àyè há, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ń já bọ̀ lẹ́yìn yín, nígbà tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, yìnyín á ti di líle bíi dígí. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni kí ẹ lọ, ní kété tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn.

Òkè oníke tó wà níta yàtọ̀ pátápátá. Ó dínwó, àmọ́ ike tí wọ́n fi ṣe ilẹ̀ rẹ̀ ní ihò, bí èèyàn bá sì ṣubú, àtàǹpàkò lè há sínú ihò náà kó sì lọ́. Ẹni tí ọwọ́ tàbí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti kán rí kò ní nǹkan kan í ṣe níbẹ̀.

Òkè gan-an, pẹ̀lú olùkọ́

Ibi tí ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn wà nìyí, ibẹ̀ náà sì ni àlàyé pọ̀ sí jù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara bàtà. Bàtà síkíì orí òkè le, ẹnu rẹ̀ sì mọ sí àárín ojúgun. Nígbà tí ara bá tẹ̀ síwájú, ẹnu bàtà yẹn ló ń gba gbogbo rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an lojúgun ti kán, ẹ ti mọ ibi tí ìkìmọ́lẹ̀ máa wà. Ẹ wọ bàtà náà nílé fún ìdajì wákàtí, kí ẹ bọ́ ọ, kí ẹ wo ara. Bí ibì kan bá pọ́n tí kò lọ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ gbé bàtà náà lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe. Ó lè fi iná mú ike náà rọ̀, kó sì tì í síta ní ibi tí irin kókósẹ̀ wà.

Lẹ́yìn náà, ìdè tó so bàtà mọ́ pátákó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó já nígbà tí agbára bá pọ̀ jù, kí pátákó má bàa lọ́ ẹsẹ̀. Látìgbà tí ìdè yìí ti dára sí i ni ojúgun kíkán ti dínkù gan-an lórí òkè; iṣan orúnkún ló wá ń já báyìí, torí ìdè ò dáàbò bo orúnkún tó bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n ara yín, gíga, ọjọ́ orí, gígùn ìsàlẹ̀ bàtà àti irú eré tí ẹ ń sá ni wọ́n fi ń ṣètò rẹ̀. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ má sọ irú ẹni tí ẹ jẹ́ kí egungun tó kán. Ẹ ní kí wọ́n ṣe é fún ẹni tó ń rọra lọ. Ẹ má sì fọwọ́ ara yín dín in kù ju bó ṣe yẹ lọ, torí ìdè tó bá ń já láìnídìí á dá yín ṣubú. Pátákó kúkúrú tí ìdè rẹ̀ kì í já, tí àwọn kan rò pé ó rọrùn fún aláìlera, léwu fún ojúgun. Ẹ sá fún un.

Ohun tó ń gbé èèyàn gòkè náà ní tirẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì tó ń rìn ló dára jù. Àga orí okùn irin máa ń sinmi ẹsẹ̀, àmọ́ ìgbà tí èèyàn bá ń sọ̀ kúrò lórí rẹ̀ ló máa ń nira fún ẹsẹ̀ tí kò lágbára. Ẹ ju ọwọ́ sí ẹni tó ń darí rẹ̀, á dín eré rẹ̀ kù. Ọ̀pá tó ń fa èèyàn lọ sókè kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ sinmi rárá, ó sì máa ń já èjìká gbà lójijì nígbà tó bá gbéra. Kò dára fún ẹni tí èjìká rẹ̀ ti kán.

Ní ti olùkọ́, ẹ̀kọ́ ẹlẹ́nìkan ló wọ́n jù nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ níbí, mo sì rò pé ó tó bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ sọ egungun tó kán àti ọjọ́ tó kán fún un. Ẹ ní kó máa bọ̀ lókè yín, kó fi ara rẹ̀ dínà fún ẹni tó bá ń sáré bọ̀ lẹ́yìn. Òfin FIS, ìyẹn àjọ síkíì àgbáyé, sọ pé ẹni tó wà lẹ́yìn ló gbọ́dọ̀ yẹra fún ẹni tó wà níwájú, ṣùgbọ́n òfin ò lè gba egungun sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ mú òkè aláwọ̀ ewé nìkan, ìyẹn èyí tí wọ́n fi àwọ̀ ewé sàmì sí pé ó rọrùn, ibi tí ẹ̀rọ ti tẹ yìnyín rẹ̀ lóru. Ní àárọ̀ kùtù, yìnyín lè ti dì gbagidi. Nígbà tí oòrùn bá mú, ó lè rọ̀ kó wúwo kó sì máa gbá pátákó mú, èyí tó ń lọ́ orúnkún. Àárín àwọn méjèèjì ni kí ẹ wá. Ẹ kúrò kí ó tó rẹ̀ yín, kí ẹ má sì lo oògùn ìrora ṣáájú, torí ìrora yẹn ni ohun kan ṣoṣo tó lè kìlọ̀ fún yín. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti kán kó má fi ọwọ́ bọ okùn ọ̀pá; kó jù ú nù bó bá ń ṣubú.

Ohun kan kù lórí owó: ìgbàlà lórí òkè, pàápàá ti hẹlikópítà, wọ́n púpọ̀. Ẹ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ adójútòfò yín kí ẹ tó lọ, kí ẹ sọ ti egungun tó kán náà fún wọn, kí ẹ sì gba èsì wọn lákọsílẹ̀. Bí ẹ bá fi pa mọ́, wọ́n lè kọ̀ láti san owó.

Síkíì ìjókòó

Àga tó wà lórí pátákó kan tàbí méjì, pẹ̀lú ọ̀pá kúkúrú méjì tí síkíì kékeré wà nídìí wọn. Irinṣẹ́ tó ti dàgbà ni. Ìdíje Paralympics ti ìgbà òtútù, ìyẹn ti àwọn abirùn, ti wà láti 1976. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní tètè gba ìwọ̀n ara ló wúlò fún, àti ẹni tí jàǹbá náà ti yí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà títí ayé. Ṣùgbọ́n apá àti èjìká ló ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn sì ń gba ìjàlù, nítorí náà kò bá ẹni tí ọwọ́ tàbí egungun ẹ̀yìn rẹ̀ kán mu. Olùkọ́ ṣe pàtàkì níbẹ̀: ó lè fi okùn di àga náà mú láti ẹ̀yìn. Ẹni tí ojúgun rẹ̀ máa gbádùn láàárín oṣù díẹ̀ sí i kò nílò rẹ̀. Ó sàn kó dúró.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Ọrùn ọwọ́ tàbí egungun èjìká tó ti so dáadáa, tí ẹsẹ̀ sì wà ní pípé: ẹ lọ sí gbọ̀ngàn yìnyín tàbí òkè aláwọ̀ ewé pẹ̀lú olùkọ́, láìmú ọ̀pá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ scaphoid, ẹ dúró títí dókítà á fi rí i nínú fọ́tò pé ó ti so.

Ọrùn ẹsẹ̀ tàbí ojúgun, tí ẹsẹ̀ náà ti dé ìdá 90 yẹn: síkíì ilẹ̀ títẹ́jú lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà gbọ̀ngàn, lẹ́yìn náà òkè. Bí kò bá tíì dé e, bàtà yìnyín àti iṣẹ́ físíò.

Oríkèé orúnkún, ìgbáròkó, egungun ẹ̀yìn, tàbí irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ: ẹ jẹ́ kí ọdún yìí lọ.

Egungun ìhà yàtọ̀ díẹ̀. Kì í gbé ara dúró, ó sì máa ń so láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àmọ́ ìṣubú kan ṣoṣo lé e lórí lè dá gbogbo rẹ̀ padà sẹ́yìn. Ẹ lè mú ilẹ̀ títẹ́jú nígbà tí ẹ bá ti lè mí kanlẹ̀, kí ẹ sì lè wúkọ́ láìsí ìrora.

Ẹni tí kò tíì kó owó jọ tán tàbí tí ọkàn rẹ̀ pín sí méjì, kó san owó ilẹ̀ títẹ́jú fún ìdajì ọjọ́. Kó wo ẹsẹ̀ náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì kó tó dìde lórí ibùsùn: bó bá wú ju bó ṣe wú lálẹ́ àná lọ, tàbí tí ó ń dùn ún lójú kan pàtó ní ibi tó kán, kó sinmi, kó sì pe oníṣẹ́ físíò rẹ̀ kó tó tún ra wákàtí mìíràn.